Oògùn irorẹ́ tó ní àwòrán aboyún lára

Ọmọbìnrin kan wọ ilé oògùn wa n'Íbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó fi ìbòjú bo imú dé àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ Kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan títí àwọn oníbàárà fi tán níwájú mi. Ìgbà náà ló tó yọ káàdì oògùn kan nínú báàgì rẹ̀. Kápúsù mẹ́jọ ló kù nínú mẹ́wàá. Kò sí páálí, kò sí ìwé ìlò. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi ránṣẹ́ láti Houston ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn káàdì ọ̀hún, wọ́n ya aboyún kan sínú àmì róbótó, wọ́n wá fi ìlà pupa dábùú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní oògùn irorẹ́ ni o. Ṣé ó tún máa ń dènà oyún ni?"

Mo bi í pé kí ló mú un béèrè bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sí àwòrán náà. Ó ní òun ti rò ó pé bí òun bá ti ń lo èyí, òun kò ní máa náwó sí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí mọ́.

Àyà mi já. Òun nìkan kọ́ ló ka àwòrán yẹn sódì. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ya á, àwọn obìnrin kan wò ó, ohun tí ọmọ yìí sọ gan-an ni wọ́n sọ. Òdìkejì rẹ̀ pátápátá sì ni àwòrán náà ń wí: oògùn yìí kò dènà oyún rárá, bí oyún bá sì dé bá a lára obìnrin, ọmọ inú rẹ̀ ló máa jìyà.

Isotretinoin lorúkọ oògùn náà. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń pè é ní Roaccutane, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì ń pè é ní Accutane, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kúrò lórí igbá níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn wa ń gbà ṣì í mú. Àwọn kan ń sá fún un bí ẹni sá fún májèlé, wọ́n ní ó ń jẹ ẹ̀dọ̀, ó ń da orí rú, wọ́n sì jókòó ti irorẹ́ tó ń gbẹ́ wọn lójú. Àwọn kejì ń gbé e mì bíi parasítámọ́ọ̀. Lójú tèmi, ohun tó ń da gbogbo wọn láàmú ni pé wọ́n kó gbogbo ewu rẹ̀ sínú àpò kan náà. Ewu kan wà níbẹ̀ tí kò gba àṣìṣe ẹyọ kan, oyún nìyẹn. Àwọn tó kù, ohun tí a lè fojú sọ́ ni, tí àyẹ̀wò lè fi hàn wá, tí a sì lè torí rẹ̀ dín oògùn kù tàbí ká dá a dúró.

Irorẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí àwọn ìyá tó ń fi ọṣẹ dúdú bó ojú ọmọ wọn lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Nídìí irun kọ̀ọ̀kan tó wà lójú wa, títí kan àwọn tó tín-ín-rín tí a kì í rí, àpò kékeré kan wà tó ń ṣe òróró. Bí ọmọ bá ń bàlágà, òróró yìí á pọ̀ sí i, awọ tó ń kú lẹ́nu ihò irun náà á lẹ̀ mọ́ra, á dí i pa. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ti ń gbé lára wa jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ á wá rí àyè gbilẹ̀, ara á gbógun tì í, ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á kó ọyún. Kò sí kàìnkàìn tó máa wọ inú ihò yẹn lọ.

Ìpara nìkan ló máa tó fún ọ̀pọ̀ irorẹ́. Irorẹ́ tí isotretinoin wà fún ni èyí tó ń ta kókó sábẹ́ awọ bí oówo, tó ń ro èèyàn bó bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ìrọ̀rí, tó ń fi kòtò àti àpá sílẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ti fi oògùn mìíràn wò fún oṣù mélòó kan tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí n tó bá oníbàárà dé ibẹ̀, ìbéèrè kan wà tí n kì í ṣaláì bi í: "Kí lo fi ń para?" Ìdáhùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde. Àwọn tíúbù tó ní sìtẹ́rọ́ìdì bíi clobetasol, tí wọ́n ń fún sínú ìpara abóra lọ́jà, máa ń mú irorẹ́ jáde fúnra wọn, wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́, tí gbogbo rẹ̀ á jọra bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn. Bí irú ìpara bẹ́ẹ̀ bá ṣì ń lọ lójú lálaalẹ́, ẹ̀ka lẹ ń gé, ẹ kò tíì dé ìdí igi. Ẹ má sì kàn jù ú sílẹ̀ lójijì láìbá dókítà sọ ọ́, nítorí ojú lè pọ́n, kó máa jó yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Oògùn mímu tí dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ kọ ni doxycycline tàbí lymecycline, fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ìpara benzoyl peroxide kí kòkòrò má bàa mọ oògùn lójú. Doxycycline kò fẹ́ ìkánjú: omi kún ife kan lẹ máa fi gbé e mì, kí ẹ má sì dùbúlẹ̀ fún ìdajì wákàtí, torí bó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó máa ń bó ibẹ̀. Kò bá mílíìkì, oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn inú tó ń ta rìn lákòókò kan náà. Aboyún kì í lò ó. Fún àwọn obìnrin kan, dókítà lè lo irú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan tàbí spironolactone. N kò ní pẹ́ lórí ìwọ̀nyí, nítorí kì í ṣe wọ́n ló ń kó ìdààmú bá àwọn èèyàn.

Ẹbí Vitamin A ni isotretinoin. Lọ́dún 1979, Gary Peck àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Institutes of Health ti Amẹ́ríkà gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde: wọ́n fún èèyàn 14 tí irorẹ́ ti ba ara wọn jẹ́ ní oògùn yìí, ara àwọn 13 mọ́ tónítóní. Èyí tó ya àwọn dókítà lẹ́nu jù ni pé nígbà tí wọ́n dá oògùn dúró, irorẹ́ náà kò tètè padà. Gbogbo oògùn tó wà ṣáájú, bí o bá ti fi í sílẹ̀, irorẹ́ á bá ọ délé. Ohun tí èyí ń ṣe yàtọ̀. Ó ń mú kí àpò òróró yẹn súnkì, òróró ojú á gbẹ lọ púpọ̀púpọ̀, ẹnu ihò kò ní dí mọ́, kòkòrò náà kò ní rí nǹkan jẹ, wíwú á sì rọlẹ̀.

Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 1982. Kí 1983 tó parí, ìròyìn àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ti ń wọlé.

Ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé wọ́n ti fòfin dè é níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ Roche ló dá títa Accutane dúró ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009, lẹ́yìn tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe irú oògùn náà ní owó tó kéré sí tirẹ̀, tí ẹjọ́ sì ti pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Oògùn náà ṣì wà lórí àtẹ lónìí lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí oyún, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí.

Ara ọmọ inú fúnra rẹ̀ ń lo irú èròjà tó wà nínú ẹbí Vitamin A yìí láti mọ ibi tí etí máa wà, bí ọkàn ṣe máa pín sí yàrá, bí ọpọlọ ṣe máa dàgbà. Ìwọ̀n bíńtín ló nílò, lákòókò tó tọ́. Kápúsù isotretinoin á wá da èròjà náà lé e lórí bí ẹni da iyọ̀ kún ọbẹ̀. Ọmọ lè wáyé láìsí etí, tàbí kí etí kéré kó sì ká wọnú. Ọkàn lè ní àbùkù. Omi lè kún orí. Oyún mìíràn kì í tilẹ̀ dúró, á bàjẹ́. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n bí láàyè lẹ́yìn tí oògùn yìí ti kàn wọ́n nínú, méjì sí mẹ́ta tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló máa ń ní àbùkù ńlá, àwọn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan lára wọn sì lè ní ìṣòro ẹ̀kọ́ kíkọ́ bí wọ́n bá dàgbà. Kò sí pé "díẹ̀ ni mo lò." Ọ̀sẹ̀ tí obìnrin kò tíì mọ̀ pé nǹkan oṣù òun ti pẹ́ gan-an ni oògùn ń ṣiṣẹ́ ibi yìí.

Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi dá ètò kan sílẹ̀ lọ́dún 2006 tí wọ́n ń pè ní iPLEDGE. Dókítà, apòògùn àti aláìsàn gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Obìnrin tó lè lóyún á ṣe àyẹ̀wò oyún méjì kó tó bẹ̀rẹ̀, á tún máa ṣe é lóṣooṣù. Oògùn ọgbọ̀n ọjọ́ nìkan ni wọ́n máa ń fún un lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí méjì ló gbọ́dọ̀ lò pọ̀, láti oṣù kan ṣáájú kápúsù àkọ́kọ́ títí di oṣù kan lẹ́yìn èyí tó gbé mì kẹ́yìn. Èyí tó bá pinnu pé òun kò ní sún mọ́ ọkùnrin rárá ní gbogbo àkókò náà, ìyẹn náà wà nínú ètò, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìpinnu tó lè mú ṣẹ. Irú ètò kan náà wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Torí kọ́ńdọ̀mù lè bẹ́, èèyàn lè gbàgbé oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ọ̀kan bá jáni kulẹ̀, èkejì á gbà á. Ohun tí wọ́n fi sínú apá tàbí sínú ilé ọmọ, pẹ̀lú kọ́ńdọ̀mù, dára púpọ̀. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró tí wọ́n máa ń fún ìyá ọlọ́mú, èyí tí wọ́n ń pè ní minipill, kò tó láti dá gbára lé. "Mò ń ka ọjọ́" kò sí nínú ìwé.

Níbí, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa di ọ̀nà fún oògùn bí àyẹ̀wò kò bá tíì wọlé. Ọwọ́ ẹ̀yin àti dókítà yín ló wà. Ìtìjú ló sì máa ń bà á jẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún á jókòó síwájú dókítà, ìyá rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, dókítà á béèrè ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Kí ọmọ tó la ẹnu, ìyá á ti dáhùn: "Ha, dókítà, ọmọ mi kò mọ ọkùnrin o." Kí ni ọmọ náà fẹ́ wí? Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní, "Màmá, ẹ forí jì mí, ẹ bá wa jókòó síta díẹ̀." Ẹ̀yin ìyá, bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ dìde. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń fẹ̀sùn kan ọmọ yín.

Ìbẹ̀rù kan tún wà tó yẹ kí n tú palẹ̀: pé oògùn yìí ń ba ilé ọmọ jẹ́, pé ẹni tó bá lò ó kò ní rọ́mọ bí lọ́jọ́ iwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń kúrò lára. Oṣù kan tí wọ́n ní kí ẹ dúró, ààbò ni wọ́n fi kún un. Lẹ́yìn oṣù kan yẹn, ẹni tó bá fẹ́ lóyún lè lóyún. Ẹ má ṣì í mú fún acitretin, ẹbí rẹ̀ kan tí wọ́n ń lò fún àrùn awọ mìíràn: ìyẹn ń pẹ́ lára gan-an, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ní kí obìnrin fi yẹra fún oyún lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkùnrin ń kọ́? Èyí tó ń bọ́ sínú àtọ̀ kéré débi pé wọn kò kà á sí ewu fún ìyàwó tó lóyún. Ohun tí ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó fi kápúsù rẹ̀ ta àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́rẹ. Àti ohun kan tó kan tọkùnrin tobìnrin, tó sì kan àwa ará ilé gan-an: ẹ mọ bí ilé ìwòsàn ṣe máa ń ní kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn. Bí ẹ bá ń lo oògùn yìí, tàbí tí kò tíì pé oṣù kan tí ẹ dá a dúró, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Aboyún ni wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ náà sí lára.

Ó tó lórí ìyẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó gan-an?

Kò sí "ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́" tó bá gbogbo èèyàn mu. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣe é: ìdajì mílígíráàmù sí mílígíráàmù kan fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ẹni tó wọn kílò 60 lè máa lo 30 sí 60 lóòjọ́, ọ̀pọ̀ dókítà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ka ti ojoojúmọ́ náà ni wọ́n ń ka àpapọ̀. Ibi tí wọ́n sábà máa ń fojú sùn ni 120 sí 150 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún ẹni kílò 60 wa yìí, 7,200 ni ìbẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Bó bá ń lo 40 lóòjọ́, 180 ọjọ́ ló máa gbà á, oṣù mẹ́fà géérégé. Ní oṣù kejì tàbí ìkẹta ni ojú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti máa ń fi í sílẹ̀ kí owó lè kù sápò. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n á padà wá, wọ́n á ní oògùn náà kò ṣiṣẹ́.

Òdìkejì rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní. Irorẹ́ lè kọ́kọ́ ru síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá mọ níwọ̀n, ẹ ní sùúrù. Bó bá le, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ó lè dín oògùn kù. Ẹ má dá a ṣe fúnra yín. Bí ẹ bá gbàgbé ti òní, ẹ fò ó, ẹ má gbé méjì mì lọ́la.

Ọ̀rá ló máa ń gbé oògùn yìí wọ ara. Bí ẹ bá gbé e mì sínú òfìfo, nǹkan bí ìdajì ohun tí ara ẹni tó jẹun ọlọ́ràá ń rí lò ni ara yín máa rí lò. Nítorí náà, kì í ṣe oògùn tí a fi omi nìkan gbé mì kí ilẹ̀ tó mọ́. Àkàrà àti ẹ̀kọ, ẹyin díndín, ẹ̀bà pẹ̀lú ẹ̀gúsí, gbogbo wọn ló máa ṣe é. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè lò ó nígbà sààrì tàbí lẹ́yìn ìṣínu, bó bá ṣáà ti jẹun sí i. Bí nǹkan inú ẹ̀pà tàbí sóyà bá máa ń bí ara yín nínú, ẹ sọ fún apòògùn, nítorí òróró sóyà wà nínú àwọn kápúsù kan.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ ẹbí Vitamin A, ẹ kò gbọ́dọ̀ tún lo Vitamin A lé e, títí kan òróró ẹ̀dọ̀ ẹja tí àwọn ìyá wa fẹ́ràn. Ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni: "Àǹtí, ṣé kí n jáwọ́ nínú epo pupa ni?" Rárá o. Ohun tó wà nínú epo pupa àti kárọ́ọ̀tì, ara fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di Vitamin A níwọ̀n tó bá nílò, kò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ màlúù ni kí ẹ ṣọ́, Vitamin A tó ti di odidi ló kún inú rẹ̀. Ègé kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú, kó má ṣáà jẹ́ ojoojúmọ́.

Ètè á gbẹ. Èyí dájú débi pé bí oníbàárà bá sọ fún mi pé òun ti lo oògùn yìí fún oṣù kan tí ètè òun sì ń dán, mo máa ń bi í bóyá ó ń jẹun sí i, tàbí bóyá ojúlówó ni wọ́n tà fún un. Òrí tiwa yìí dára fún ètè, Vaseline náà dára. Kó máa wà lápò, kó má jẹ́ alẹ́ nìkan. Imú á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ lè yọ díẹ̀. Ẹ fi òrí ra ihò imú fẹ́ẹ́rẹ́. Ojú á máa ro bí ẹni pé iyanrìn wọ̀ ọ́, ẹni tó ń fi gíláàsì sínú ẹyinjú lè ní láti padà sí awò. Awọ á fẹ́lẹ́, oòrùn á tètè jó o, nítorí náà ẹ lo ìpara tó ń dènà oòrùn, fìlà tàbí agboòrùn. Ẹ má bó irun ojú tàbí irun ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìda títí di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, awọ lè bá a lọ. Ẹ̀yìn àti oríkèé lè máa ro àwọn tó ń ṣeré ìdárayá. Àwọn awakọ̀, ẹ fetí sílẹ̀: ojú àwọn kan lè má ríran dáadáa mọ́ lálẹ́, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ lójijì. Bẹ́ ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má wakọ̀ alẹ́, kí ẹ sì sọ fún dókítà.

Èyí tí ojú kò rí ni wọ́n ń torí rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀. Oògùn yìí lè mú ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ga, ó sì lè mú ẹ̀dọ̀ bínú. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, dókítà á sọ bóyá ó tún kù. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọjá ààlà. Ọtí àti àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kó sinmi ná; ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo ló máa bá wọn jà pọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àgbo kò ní kẹ́míkà. Ẹ bi ẹ̀dọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan ló ṣòro ṣàlàyé. Ìròyìn wà nípa àwọn tí ìsoríkọ́ mú lẹ́nu lílo oògùn yìí, àwọn kan tilẹ̀ ronú àti gba ẹ̀mí ara wọn. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí púpọ̀ jọ, wọn kò rí i pé àwọn tó ń lò ó lápapọ̀ sorí kọ́ ju àwọn mìíràn lọ. Irorẹ́ líle fúnra rẹ̀ ń mú èèyàn sorí kọ́. Ẹ rántí ìbòjú ọmọ yẹn. Síbẹ̀, ara kò jọra, àpapọ̀ kì í sọ ti ẹnì kan. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ ní oṣù kẹwàá 2023 pé kí èèyàn méjì tó láṣẹ láti kọ oògùn fún aláìsàn fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní oògùn náà fún ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa béèrè bí ọkàn aláìsàn ṣe rí. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹ yan ẹnì kan nínú ilé, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ń lo oògùn yìí. Ẹni tí ìbànújẹ́ ń gbé lọ kì í sábà mọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń bá a jẹun ló máa kọ́kọ́ rí i pé kò sùn mọ́, pé kì í dáhùn mọ́. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ẹ dá oògùn dúró kí ẹ sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Àpòpọ̀ kan ṣì kù tí kò dára rárá: isotretinoin àti doxycycline, tàbí èyíkéyìí nínú ẹbí tetracycline. Àwọn méjèèjì pọ̀ lè mú kí omi tó yí ọpọlọ ká fún un pọ̀ jù. Ẹ óò ní, ta ló máa pò wọ́n pọ̀? Ọmọ wa tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń lo Roaccutane, tó fẹ́ wálé ṣọdún Kérésì. Wọ́n á fún un ní doxycycline kí ibà má bàa mú un. Bí ẹni tó kọ ìkejì kò bá mọ̀ nípa ìkíní, àpòpọ̀ ti dé nìyẹn. Oògùn mìíràn wà fún dídènà ibà, ẹ ṣáà sọ ohun tó wà lára yín. Níbí náà, ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru á ra tetracycline lọ́wọ́ alátẹ láìbi ẹnikẹ́ni.

Bí orí bá ń fọ́ yín gan-an tí ojú ń ṣú tí èébì sì ń gbé yín, bí inú bá ń ro lókè ikùn tó ń ta lọ sẹ́yìn, bí ẹ bá ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, bí ẹyinjú bá di àwọ̀ ìyeyè bí àtàlẹ̀ pupa, bí awọ bá ń bó tàbí tó ń ta roro, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Kápúsù náà kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọmọbìnrin tó mú káàdì wá, mo bi í pé, "Mélòó lo ti gbé mì?"

"Méjì, ma. Àná àti òní."

Mo fún un ní ohun àyẹ̀wò oyún, mo fi ilé ìyàgbẹ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù hàn án. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìlà kan ló yọ. Mo ní kó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í tíì hàn, kó má sì fọwọ́ kan kápúsù kankan títí dìgbà náà. Mo kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni. Irorẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó yọ ìbòjú, kókó mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, àpá sì ti wà nídìí wọn. Oògùn yẹn gan-an ni dókítà padà kọ fún un, pẹ̀lú àyẹ̀wò, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi sí i lápá, ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Àwọn kápúsù mẹ́jọ náà ti bá àwọn oògùn tí à ń sun lọ. Káàdì òfìfo rẹ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè isotretinoin, mo máa ń yọ ọ́ síta kí n tó wo ìwé dókítà, máa dà á dé sórí kàǹtà, máa bi í pé: "Kí lo rò pé àwòrán yìí ń sọ?"